Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Andrew Foster, Olùkọ́ Àwọn Adití

Lọ́dún 1957, ọkùnrin adití kan sọdá òkun láti Amẹ́ríkà wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ń wá àwọn ọmọ adití. Àwọn míṣọ́nnárì tó bá nílẹ̀ fèsì pé kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Wọn ò purọ́. Wọn ò fojú kàn wọ́n rí ni. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kì í dé ilé ìwé, kì í bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlejò bá sì yà sílé, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí. Andrew Foster kò gba èsì yẹn gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Nígbà tí ikú fi dé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ilé ìwé tí ó ti dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò sí yìí ti lé ní 30, wọ́n sì tàn ká orílẹ̀-èdè 13, títí kan Nàìjíríà, Tógò àti Olómìnira Bẹ̀nẹ̀.

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó gbé ìwé dé ilẹ̀ Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kì í gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni David àti Anna Hinderer tí wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Foster. Ṣùgbọ́n etí ni ìwé tí wọ́n gbé wá ń gbà wọlé. Olùkọ́ á pè é, àwọn ọmọ á gbè é. Ẹni tí etí rẹ̀ bá di, kò sí àyè fún un nínú ètò náà, àyè yẹn kò sì ṣí títí di ìgbà tí ìjọba òyìnbó ń palẹ̀ mọ́.

Ọmọ awakùsà láti Alabama

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1925 ni wọ́n bí Andrew Jackson Foster ní Ensley, nítòsí ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn kọ lu òun àti arákùnrin rẹ̀. Àwọn méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ ikú, ṣùgbọ́n etí wọn di pátápátá.

Ọjọ́ orí tí etí ọmọ bá di ṣe pàtàkì. Foster ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kí àìsàn tó dé. Ó ti mọ bí ìbéèrè ṣe ń rí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá àti ohun tó ń bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní adití ò ní àǹfààní yìí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, nítorí náà kò rí ohun tí yóò sín jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń pè é ní odi, bẹ́ẹ̀ ahọ́n rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pé ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé òun ní orúkọ. Kì í ṣe lọ́rùnlọ́rùn nìkan ló ń sọ ọmọ di adití. Èéyi lè di ọmọ létí. Abẹ́rẹ́ bíi gentamicin, tí wọ́n bá gún un láṣejù, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìran ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Ní Alabama ìgbà náà, òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, adití kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ilé ìwé àwọn adití aláwọ̀ dúdú tó wà ní Talladega ni wọ́n mú Foster lọ. Ìwé tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ kò lè gbé ọmọ dé yunifásítì. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 17, ó kó lọ bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń wá òṣìṣẹ́, Foster sì ríṣẹ́. Ní Detroit, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ló ti pàdé míṣọ́nnárì kan láti Jàmáíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà náà ló ti pinnu pé iṣẹ́ ìhìnrere láàárín àwọn adití ni òun máa ṣe.

Ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí girama. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń gba ìwé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chicago, ó ń dáhùn ìbéèrè wọn, ó ń fi ránṣẹ́ padà. Báyìí ló ṣe gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́dún 1951, nígbà tí ó ti di ọmọ ọdún 26.

Gallaudet, ní Washington, ni ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1864 fún àwọn adití. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni Foster kọ̀wé síbẹ̀ tí wọ́n sì dá a padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1951 kan náà ni wọ́n gbà á níkẹyìn, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ló lò, ó gboyè ní 1954, òun sì ni adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè B.A. níbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a pé kò bófin mu mọ́ láti ya àwọn ọmọ ilé ìwé sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Foster tún gba oyè kejì ní Michigan lórí ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó gba òmíràn ní Seattle lórí iṣẹ́ míṣọ̀n. Lọ́dún 1956 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó di Christian Mission for the Deaf. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọkọ̀ wá sí Áfíríkà.

Bàbá níwájú orí, ìyá ní àgbọ̀n

Kí a tó lè mọ rírì ohun tí ọkùnrin yìí gbé wá, ó yẹ kí a mọ ìjà tó wà nílẹ̀ kó tó dé. Lọ́dún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe àpérò ní ìlú Milan ní Ítálì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé elétí, ẹni tó ń gbọ́ràn, ni gbogbo wọn. Wọ́n dìbò pé kí wọ́n má fi ọwọ́ kọ́ adití mọ́. Kí wọ́n kọ́ ọ láti máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí òun náà sì máa fi ẹnu fèsì. Ìpinnu yìí jọba lórí ilé ìwé àwọn adití fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ibi púpọ̀, ọmọ tó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ "bàbá" láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí ẹ wá sọ "màmá". Ètè á pàdé lẹ́ẹ̀mejì, á là lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ẹni tí kò gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti àwa Yorùbá tilẹ̀ tún le sí i, nítorí inú ọ̀fun ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ síra rárá lórí ètè.

Ní Gallaudet, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ láìka Milan sí, èdè náà sì ni Foster gbé wá. Ọwọ́ á là, ìka márààrún á nà, orí àtàǹpàkò á kan iwájú orí: bàbá nìyẹn. Bí ọwọ́ kan náà bá sọ̀ kalẹ̀ tí àtàǹpàkò kan àgbọ̀n, ó di ìyá. Kò sí bí ọmọ ṣe lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ábídí náà wà lọ́wọ́. Ọmọ á di ìkúùkù kí àtàǹpàkò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di A. Á na ìka mẹ́rin sókè ní pípapọ̀, á ká àtàǹpàkò sí àtẹ́lẹwọ́, ó di B. Á tẹ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ di ife mú, ó di C. Bí ó bá ti mọ ìwọ̀nyí tán, olùkọ́ lè sípẹ́lì orúkọ rẹ̀ fún un lórí ìka, kó kọ ọ́ sí pátákó, kó sì nawọ́ sí i láyà. Ọmọ náà á wo ọwọ́, á wo pátákó, á wo ara rẹ̀. Orúkọ ti dé nìyẹn.

Foster kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu sọ̀rọ̀. Àmì ọwọ́, sípẹ́lì orí ìka, ìwé kíkọ, àwòrán, ètè, ohun tó bá ṣáà ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ ni ó ń lò. Ohun tí kò gbà ni pé kí wọ́n di ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ti di. Lọ́dún 1960, onímọ̀ èdè William Stokoe, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gallaudet, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé èdè kíkún ni èdè àwọn adití ti Amẹ́ríkà, tó ní òfin tirẹ̀ bí èdè mìíràn. Kí ìwé náà tó jáde ni Foster ti ń fi èdè ọ̀hún kọ́ ọmọ ní Gánà.

Láti Accra dé Ìbàdàn

Gánà gba òmìnira ní oṣù Kẹta ọdún 1957, ọdún yẹn náà ni Foster dá ilé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Accra. Kò ní ilé tirẹ̀. Kíláàsì tí ó yá ni ó ń lò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ elétí bá ti jáde lọ sílé. Àwọn tó ń wá kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àgbàlagbà tí kò rí ibi kàwé láti kékeré wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí ilé ìwé náà fi ṣí lọ sí Mampong lórí òkè Akuapem, ó sì di ilé ìwé tí ọmọ ti ń gbé.

Ní Nàìjíríà, Èkó ti ní Wesley School for the Deaf ní Sùúrùlérè láti 1958. Lọ́dún 1960, Foster dá Ibadan Mission School for the Deaf sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó dé Enugu àti Kàdúná. Àkókò náà dára fún irú iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀-oòrùn. Láti 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òbí tí kò rán ọmọ lọ síwèé sì ti ń di àpèwò láàárín àdúgbò. Ẹni tó ní ọmọ márùn-ún, tí mẹ́rin ń gbé síléètì lọ sí ilé ìwé tí ọ̀kan ń jókòó tì í nílé, yóò fẹ́ mọ ibi tí wọ́n lè mú ìkarùn-ún lọ.

Owó ni wàhálà tí kò tán. Foster máa ń lo nǹkan bí ìdajì ọdún ní Áfíríkà, á sì padà sí Amẹ́ríkà láti fi ìdajì kejì kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ àwọn adití, kó máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó máa gba ìtọrẹ. Ìyàwó rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà bí òun náà ṣe mọ̀ ọ́n. Berta Zuther, adití láti Jámánì, ni ó pàdé ní ìpàdé àgbáyé àwọn adití tó wáyé ní Wiesbaden ní 1959. Wọ́n fẹ́ra ní 1961, wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún.

Adití ni yóò kọ́ adití

Ilé kíkọ́ nìkan kò tó, bí a bá ka iye ilé ìwé tó dá sílẹ̀ tí a sì dákẹ́, a ò tíì sọ ohun tó mú Foster yàtọ̀. Ní ibi púpọ̀ láyé nígbà náà, elétí ló ń kọ́ adití, adití kì í di olùkọ́. Ìpinnu Milan ló fà á: bí ẹnu bá ni wọn yóò máa fi kọ́ni, báwo ni ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe fẹ́ kọ́ni? Foster yí i padà. Ọmọ tó bá ti mọ̀wé díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ọmọ tó wọ kíláàsì tí ó bá àgbàlagbà adití tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ti rí ohun tí òun náà lè dà.

Láti àárín àwọn ọdún 1970 sókè, Ìbàdàn di ibùdó ìkọ́ni fún iṣẹ́ yìí. Àwọn adití láti orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, láti Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Kamẹrúùnù, Chad àti àwọn mìíràn, ń wá gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ níbẹ̀. Àmì ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ Faransé sí i nínú ìwé àti lórí ètè. Wọ́n á padà sílé, wọ́n á sì ṣí ilé ìwé. Títí dòní, adití láti Cotonou àti adití láti Lomé lè pàdé adití láti Ìbàdàn kí wọ́n sì gbọ́ra wọn yé dé ìwọ̀n tó pọ̀, níbi tí àwọn aráàlú wọn tó ń gbọ́ràn ti máa nílò ògbufọ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé.

Ìjọba náà jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde ní 1977, ẹ̀kọ́ àkànṣe ní apá tirẹ̀ nínú rẹ̀, ọdún kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí Federal College of Education (Special) báyìí. Yunifásítì Ìbàdàn náà dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ẹ máa bá ní ilé ìwé àwọn adití ní Àkúrẹ́, tàbí ní ilé ìwé àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ní Ìlọrin, tàbí tó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ọmọ adití tó ń bá elétí jókòó ní Methodist Grammar School ní Bódìjà, irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n gbà. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò, ti Foster ni gbòǹgbò rẹ̀.

Gallaudet fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1970. Lọ́dún 2004, wọ́n sọ gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bá a jiyàn lé

Gbogbo èèyàn kọ́ ló ń yin iṣẹ́ yìí láìkọminú. Ẹjọ́ tó lágbára jù ni pé èdè Amẹ́ríkà ló gbé wá, ó sì fi bo èdè àwọn adití tó bá nílẹ̀. Abúlé kan wà ní Gánà, Adamorobe ni orúkọ rẹ̀, tí àìgbọ́ràn jẹ́ àjogúnbá níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ìran. Adití pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn elétí abúlé náà mọ èdè ọwọ́ tiwọn sọ, wọ́n ń fi bá ọmọ, ìyàwó àti aládùúgbò sọ̀rọ̀ lóko àti nílé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọmọ Adamorobe lọ sí ilé ìwé ní Mampong, èdè tí wọ́n bá níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ náà ń padà sílé pẹ̀lú àmì ọwọ́ mìíràn, àwọn onímọ̀ èdè sì ti kìlọ̀ pé èdè ìbílẹ̀ abúlé náà lè parun.

Lọ́dọ̀ wa náà, Ọ̀mọ̀wé Ọlánikẹ́ Ọlá Orie, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Tulane ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí bí àwọn adití Yorùbá ṣe mú ìṣesí ọwọ́ tí gbogbo Yorùbá ń lò, tí wọ́n sì fi kọ́ èdè tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti na ọjà rí. Ìyá ẹlẹ́ran tó jókòó sí ọ̀kánkán adití oníbàárà rẹ̀ kò lọ sí ilé ìwé Foster. Ó ń fi ìka ka owó, ó ń fi ojú bẹ̀bẹ̀, ó ń ju ọwọ́ dànù tí iye tí wọ́n ná a kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n sì ń dúnàádúrà parí.

Ẹjọ́ kejì ni pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè ìwé tí Foster ń kọ́ wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ adití Yorùbá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, wọn ò sì mọ Yorùbá kà. Àwọn òbí wọn lè máà mọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì mọ èdè ọwọ́. Ọmọ á lọ gbé ilé ìwé, á kọ́ èdè, á dé ilé nígbà ìsinmi, kò ní rí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́. Àwọn tó ń gbèjà Foster ń fèsì pé ní 1957, ọmọ púpọ̀ ni kò ní èdè kankan lọ́wọ́, pé kì í ṣe gbogbo abúlé ni Adamorobe, àti pé ìwé tó wà nílẹ̀ fún kíkọ́ adití nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní òtítọ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá

Foster kò fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún 62 ni, ó ṣì ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1987, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní Rwanda láti lọ sí Kenya. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀, ó sì kú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àwọn abirùn ní gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò tan mọ́ra. Ọjọ́ ló kàn ṣe kòńgẹ́. Lẹ́yìn ikú Foster, Berta àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ bá iṣẹ́ míṣọ̀n náà lọ.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí ilé ìwé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ́ni ní kíláàsì wọ̀nyẹn ti gba owó ìfẹ̀yìntì, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo àwọn abirùn ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá fi ìyà jẹ abirùn nítorí ipò rẹ̀ yóò san owó ìtanràn ₦1,000,000. Ó tún sọ pé kí èdè àwọn adití wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, kí elétí náà lè mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá fẹ́ mú apá tó kẹ́yìn yìí ṣẹ, ìbéèrè àwọn tó ń bá Foster jiyàn á tún jí dìde: èwo nínú àwọn èdè ọwọ́ ni wọn yóò kọ́ ọmọ? Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá tó ti di ti ilé ìwé, àbí èyí tí wọ́n ń sọ lọ́jà àti nínú ilé? Àwọn onímọ̀ ti ń ya fídíò àmì ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà báyìí kí wọ́n lè kó wọn jọ sínú ìwé, àwọn adití tó kàwé gboyè sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà.